Ṣé O Mọ̀? Ọmọ Oǹdó Tó Kọ́ Òṣèré, Tó Darí Eré, Tó Sì Kọ Ìmọ̀ Rẹ̀ Sílẹ̀

Ṣé o mọ̀ pé ìlú Oǹdó ni wọ́n ti bí ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tó fi bí a ṣe ń kọ́ òṣèré han ilẹ̀ Nàìjíríà? Dàpọ̀ Adélugba ni orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ 9 oṣù Kẹta ọdún 1939 ni wọ́n bí i. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ní Ìsìkàn, ní Àkúrẹ́ níbí, tó kọrí sí ọ̀nà Oǹdó, kò ní pẹ́ kó tó dé ìlú náà. Síbẹ̀, bí o bá ní kí ará ọjà Ìsìkàn dárúkọ ọmọ Oǹdó kan tó lókìkí nínú iṣẹ́ eré, Sunny Adé ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu. Kò jẹ̀bi. Gìtá máa ń dún dé ibi tí ìwé kì í dé.

Ohun tó mú kí n kọ̀wé nípa Adélugba ni pé ó di ohun mẹ́ta mú pọ̀ tí àwọn ẹlòmíràn máa ń pín sọ́tọ̀. Láàárín wa, ẹni tó mọ eré í ṣe, orí ìtàgé ló máa ń wà. Ẹni tó mọ̀wé á jókòó sídìí tábìlì, á máa sọ ohun tí kò dára nínú eré ẹni ẹlẹ́ni. Olùkọ́ á wà ní kíláàsì tirẹ̀. Ọkùnrin yìí kọ́ òṣèré, ó darí eré, òun fúnra rẹ̀ ṣeré, ó sì kọ èrò rẹ̀ nípa gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Ọ̀kan ń bọ́ èkejì.

Ṣé o mọ̀ pé nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbàdàn, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé eré ọmọ Faransé kan, wọ́n sì wọ̀ ọ́ ní agbádá? Molière ló kọ eré náà lọ́dún 1671, Scapin sì ni orúkọ ìránṣẹ́ alárékérekè tó wà nínú rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ Scapin di Ṣúbérù. That Scoundrel Suberu ni wọ́n pe eré tiwọn. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni. Ẹgbẹ́ eré yunifásítì náà kò jókòó ti gbọ̀ngàn wọn, wọ́n gbé eré náà rìnrìn àjò tọ àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò dé yunifásítì lọ.

Nínú eré yẹn, ìránṣẹ́ yìí tan bàbá ahun kan wọ inú àpò. Ó ní àwọn tó fẹ́ pa á ń bọ̀, kó tètè sápamọ́. Bí bàbá ti wọ inú àpò tán, ìránṣẹ́ fa igi yọ, ó ń lù ú, ó sì ń yí ohùn padà bíi pé àwọn ẹlòmíràn ló ń na bàbá náà. Ó ṣe é títí bàbá fi yọ orí síta tó rí i pé ẹnu kan ṣoṣo ni gbogbo ohùn náà ti ń jáde. Wò ó bí olùkọ́ eré yóò ṣe wò ó. Òṣèré kan ní láti sọ̀rọ̀ bí èèyàn mélòó kan láìjẹ́ kí ohùn kan kọ lu èkejì. Òṣèré kejì wà nínú àpò, kò lójú, kò lọ́wọ́ tí ará ìlú lè rí, ara tó ń jà nínú àpò nìkan ló fi ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò bá gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ á ba apá ibẹ̀ jẹ́ ni.

Ṣé o mọ̀ pé àpò kì í ṣe ohun àjèjì nínú eré Yorùbá, pé ó ti wà níbẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan tó gbọ́ orúkọ Molière? Ní oṣù Kejì ọdún 1826, òyìnbó arìnrìn àjò kan, Hugh Clapperton, wà ní Ọ̀yọ́ Ilé pẹ̀lú ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀, Richard Lander. Aláàfin ní kí àwọn eléré ààfin wá ṣeré fún àlejò. Clapperton kọ ohun tó rí sílẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, àwọn eléré jáde nínú àpò, wọ́n ń jó, wọ́n ń ta kìtì, àpò bò wọ́n látòkè délẹ̀. Lẹ́yìn náà, ejò ńlá kan yọ. Ó ń fà, ó ń ká, ó ń la ẹnu bí ejò gidi, èèyàn ló sì wà nínú rẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn ló dùn mọ́ àwọn èrò jù. Àpò kan bẹ̀rẹ̀ sí í wá sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Orí funfun kọ́kọ́ yọ, ara funfun tẹ̀ lé e. Òyìnbó ni, ó gbẹ bí igi! Ó ń rìn bí ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ rí, ó ń ṣe bí ẹni tó ń fín áṣáà, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́. Ariwo ta. Àwọn èrò ń bi òyìnbó tó jókòó bóyá eré náà dára, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ kó wò ó dáadáa. Clapperton fúnra rẹ̀ gbà pé wọ́n ṣe é dáadáa.

Ta ló kọ́ òṣèré yẹn? Òyìnbó kò pọ̀ ní Ọ̀yọ́ Ilé nígbà náà. Ó ní láti jẹ́ pé ó wo àlejò dáadáa, ó wo ẹsẹ̀, ó wo ọwọ́, ó yan ohun mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí gbogbo ìlú yóò dá mọ̀, ó sì sọ ìyókù nù. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ń kọ́ òṣèré ní yunifásítì lónìí.

Ìwé ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé tí Joel Adédèjì parí ní Yunifásítì Ìbàdàn lọ́dún 1969 ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé irú àwọn eléré bẹ́ẹ̀, tí à ń pè ní alárìnjó, ní ìtàn tó gùn, tó sì ní ètò. Láti inú eégún ààfin Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti jáde, wọ́n di ẹgbẹ́ tó ń rìn láti ìlú dé ìlú, wọ́n sì ń kọ́ ọmọ wọn ní iwì, ijó, ọ̀kìtì àti idán láti kékeré. Adédèjì àti Adélugba jọ ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan náà ni. Bí a bá ní Ìbàdàn ni ìdí igi ìmọ̀ tíátà ní Nàìjíríà, àwọn méjì yìí wà lára gbòǹgbò rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé Adélugba ti ń ronú nípa tíátà orílẹ̀-èdè wa kí Nàìjíríà tó pé ọdún márùn-ún tó gba òmìnira? Lẹ́yìn Government College àti yunifásítì ní Ìbàdàn, ó lọ sí Amẹ́ríkà, sí yunifásítì Kalifóníà tó wà ní Los Angeles, ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa tíátà níbẹ̀. Ìwé tó fi gba oyè máàsítà lọ́dún 1964 dá lórí bí ìfẹ́ orílẹ̀-èdè ẹni àti jíjí tíátà Nàìjíríà ṣe so pọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni. Ó lè kọ̀wé lórí Shakespeare kí ọkàn àwọn olùkọ́ rẹ̀ balẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ ilé ló mú.

Ní gbogbo ìgbà tó fi wà ní òkè òkun, nǹkan ń ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn. Àjọ Rockefeller fún yunifásítì lówó, wọ́n sì dá School of Drama sílẹ̀ ní sáà ẹ̀kọ́ 1962 sí 1963. Geoffrey Axworthy ni olùdarí àkọ́kọ́. Ilé ẹ̀kọ́ yìí ṣe ohun kan tó wú mi lórí títí dòní. Wọ́n pe Kọ́lá Ògúnmọ́lá, ọ̀gá eléré tó ní ẹgbẹ́ tirẹ̀, wá sí ọgbà yunifásítì, kí ó wá bá wọn ṣiṣẹ́, kí òun náà sì lo ohun èlò ìtàgé tí wọ́n ní. Èso rẹ̀ ni Ọ̀mùtí, tí wọ́n yọ láti inú ìwé Amos Tutùọlá lọ́dún 1963. Demas Nwoko ló ṣe ọ̀ṣọ́ ìtàgé. Ògúnmọ́lá kò gba oyè yunifásítì kankan, síbẹ̀ wọ́n gbà pé ó ní ohun tí wọ́n lè kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wù mí kí àwọn yunifásítì wa òde òní tún máa ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1970, School of Drama di ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tíátà.

Ṣé o mọ̀ pé àárín ogun abẹ́lé ni ẹrù ilé ẹ̀kọ́ náà wá sí èjìká Adélugba? Ọdún 1967 ni. Wọ́n ti yan Wọlé Ṣóyínká láti jẹ́ olùdarí, àmọ́ ní oṣù Kẹjọ, ìjọba mú un, wọ́n sì fi í sí àtìmọ́lé títí di oṣù Kẹwàá ọdún 1969. Adélugba, tí kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ló di adelé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní láti kẹ́kọ̀ọ́, eré ní láti jáde, orúkọ ilé ẹ̀kọ́ kò gbọdọ̀ bàjẹ́. Wálé Ògúnyẹmí wà lára àwọn tó gba ẹ̀kọ́ níbẹ̀ ní nǹkan bí àkókò yẹn. Jẹ́ kí orúkọ yẹn wà lọ́kàn rẹ, a máa padà sí i.

Ṣé o mọ̀ pé o lè rí Adélugba nínú fíìmù? Nígbà tí Ossie Davis, òṣèré ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, wá darí fíìmù Kongi's Harvest lọ́dún 1970, Ṣóyínká fúnra rẹ̀ ṣe Kongi, Adélugba sì wà lára àwọn òṣèré. Orlando Martins wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọ Èkó ni Martins, wọ́n bí i lọ́dún 1899, ó ti ja gídígbò ní Lọ́ńdọ̀nù rí kó tó di gbajúmọ̀ nínú fíìmù àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ó sì wà nínú Sanders of the River lọ́dún 1935. Ẹnìkan kọ́ iṣẹ́ eré láti ojú pópó Lọ́ńdọ̀nù, èkejì kọ́ ọ ní yunifásítì, wọ́n sì jọ wà nínú fíìmù kan ṣoṣo.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù lọ ni Láńgbòdó.

Láti ọjọ́ 15 oṣù Kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1977, àwọn adúláwọ̀ láti káàkiri ayé kóra jọ sí Èkó fún FESTAC, àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà wọn. Ọdún yẹn ni ojú gbogbo ayé wà lára tíátà àpapọ̀ tó wà ní Ìgànmú. Eré wo ni Nàìjíríà fi ṣojú ara rẹ̀? Láńgbòdó ni, tí Wálé Ògúnyẹmí kọ, tí Dàpọ̀ Adélugba sì darí. Ọdún 1939 ni wọ́n bí àwọn méjèèjì, ọ̀kan ní Ìgbájọ, èkejì ní Oǹdó.

Ibo ni ìtàn náà ti wá? Òkè-Igbó ni, ìlú D. O. Fágúnwà, tí kò jìnnà sí Oǹdó rárá. Ọdún 1938 ni Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ jáde. Ṣóyínká túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, ó jáde lọ́dún 1968. Ògúnyẹmí wá sọ ọ́ di eré. Fágúnwà ti kú láti ọdún 1963, kò rí i. Ìtàn tí ọmọ Òkè-Igbó kọ rin títí, ó bọ́ sọ́wọ́ ọmọ Abẹ́òkúta àti ọmọ Ìgbájọ kí ọmọ Oǹdó tó wá gbé e síwájú ayé.

Ẹni tó bá ka ìwé náà mọ̀ pé ọba rán àwọn akọni ọdẹ lọ sí Òkè Láńgbòdó láti lọ mú ohun tí yóò mú àlàáfíà àti ìtura bá ìlú. Ronú nípa iṣẹ́ olùdarí níbẹ̀. Àkàrà-Ògùn wà nínú wọn. Káàkò wà níbẹ̀ pẹ̀lú kùmọ̀ rẹ̀. Olóhùn-iyọ̀ ní ohùn tí ohun gbogbo ń dúró gbọ́. Ẹlẹ́gbèdè-ọdẹ gbọ́ èdè ẹranko. Àràmàdà-okùnrin, nígbà tí otútù bá mú, òógùn ni ó máa ń là. Ìwé lè sọ bẹ́ẹ̀ kó sì kọjá lọ. Ìtàgé kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Òṣèré tó bá ṣe Olóhùn-iyọ̀ ní láti ní ohùn tí èrò yóò gbà gbọ́. Ẹni tó bá gbé kùmọ̀ Káàkò ní láti rìn bí ẹni tí kùmọ̀ yẹn wúwo lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì ti pa nǹkan rí. Òṣèré tí ìwé ní òógùn ń bò nínú otútù ní láti jẹ́ kí ẹni tó jókòó lẹ́yìn pátápátá mọ̀ ọ́n láti ara èjìká àti èémí rẹ̀. Ìwé Fágúnwà tóbi, ó kún fún àwọn àgbákò àti iwin, ó rọrùn kí òṣèré fi ariwo bo àìmọ̀ mọ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni ọdún pípẹ́ nínú kíláàsì ti wúlò. Èmi gbà pé bí olùdarí tí kì í ṣe olùkọ́ bá gbé Láńgbòdó lé ìtàgé, idán yóò bo èèyàn mọ́lẹ̀.

Lọ́dún 1978, ọdún kan lẹ́yìn FESTAC, àròkọ Adélugba kan jáde nínú ìwé Theatre in Africa tí Oyin Ògúnbà àti Abíọ́lá Ìrèlé jọ ṣàkójọ. Àròkọ náà sọ̀rọ̀ nípa òǹkọ̀wé mẹ́ta tó ń wá èdè tí wọn yóò fi ṣeré, ìyẹn Wálé Ògúnyẹmí, Zulu Ṣófọlá àti Ọlá Rótìmí. Ibẹ̀ ló ti lo orúkọ Yorubanglish fún Gẹ̀ẹ́sì tí Rótìmí ń kọ, tí òwe, ìrònú àti ìró Yorùbá wà nínú rẹ̀. Àwọn lámèyítọ́ ṣì ń lo orúkọ náà dòní. Wò ó bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe so kọ́ra. Ògúnyẹmí tó wà nínú àròkọ náà ni ó darí eré rẹ̀ ní Èkó. Ẹni tó ti fetí sí òṣèré níbi tó ti ń gbìyànjú láti fi Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀ ọdẹ Yorùbá, tó mọ ibi tí ahọ́n ti ń kọ́, ohun tó máa kọ nípa èdè eré yóò yàtọ̀ sí ti ẹni tó kà á lórí bébà nìkan.

Ṣé o mọ̀ pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ ní gbogbo ayé? Ní Japan, ní nǹkan bí ọdún 1400, òṣèré kan tó ń jẹ́ Zeami bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé nípa bí a ṣe ń kọ́ òṣèré Noh láti kékeré títí di ọjọ́ ogbó. Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀, Kan'ami, ló ti kọ́ iṣẹ́, bí ọmọ alárìnjó ṣe ń kọ́ ọ lọ́dọ̀ bàbá tirẹ̀. Àwọn ìdílé rẹ̀ fi ìwé náà pamọ́ bí awo, ọdún 1909 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde fún gbogbo ènìyàn. Ní Rọ́ṣíà, Konstantin Stanislavski bá ẹnìkejì rẹ̀ dá tíátà sílẹ̀ ní Moscow lọ́dún 1898, ó ṣeré níbẹ̀, ó darí eré, ó sì kọ ìwé tí àwọn òṣèré Hollywood ń gbára lé títí dòní. Ní tiwa, àwọn alárìnjó kó ìmọ̀ wọn sórí àti sínú ara. Iṣẹ́ tó bọ́ sọ́wọ́ ìran Adélugba ni kí wọ́n kó ìmọ̀ yẹn sórí ìwé láìjẹ́ kó kú.

Ó fi àwọn ìwé kéékèèké tó ń jẹ́ LACE, tó ń bójú tó ní Ìbàdàn, ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ yẹn. Lọ́dún 1987, lẹ́yìn tí Ṣóyínká gba ẹ̀bùn Nobel, Adélugba ṣàkójọ ìwé Before Our Very Eyes láti fi yẹ́ ẹ sí. Nígbà tó kúrò ní Ìbàdàn, kò lọ jókòó sílé. Zaria ló kọrí sí, sí Yunifásítì Ahmadu Bello, ó ń kọ́ àwọn ọmọ òkè Ọya. Ó papòdà lọ́dún 2014, ọmọ ọdún márùndínlọ́gọ́rin.

Ṣé o mọ̀ pé Oǹdó ti ń kọ́ òṣèré tirẹ̀ láìpè é bẹ́ẹ̀? Wo Obìtun. Àwọn ìyá àgbà máa ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin tó ń bọ́ sípò àgbà ní orin, ní ijó, ní bí wọ́n ṣe ń rìn pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn kí ojú má tì wọ́n lójú agbo. Èmi ò sọ pé Adélugba kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Mo kàn ń sọ pé ẹni tó bá dàgbà nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ohun ẹwà ìtagbangba, kíkọ́ ni à ń kọ́ ọ.

Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní ibi tí wọ́n ti lè gbé iṣẹ́ náà lọ síwájú. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ Adéyẹmí wà nínú ìlú Oǹdó gan-an láti ọdún 1964, ó sì ti di yunifásítì báyìí. Yunifásítì Adékúnlé Ajáṣin ní Àkùngbá ní ẹ̀ka tó ń kọ́ni ní eré ṣíṣe. Ní Àkúrẹ́ níbí, àwọn ọ̀dọ́ ń fi fóònù ya eré ìpanilẹ́rìn-ín lójoojúmọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ẹ̀bùn, àmọ́ kò sí ẹni tó kọ́ wọn bí ohùn kan ṣe lè di ohùn mẹ́ta.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ ẹ̀yin tí ẹ kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Adélugba, tàbí tí ẹ bá a ṣeré, tí ẹ ṣì ní bébà ètò eré, fọ́tò, téèpù tàbí ìwé tí ó fi bírò pupa tọ́ sọ́nà. Ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ fún ikán. Ẹ mú wọn lọ sí ilé ìkàwé yunifásítì tó bá sún mọ́ yín, ẹ kọ orúkọ àti ọdún sí ẹ̀yìn fọ́tò kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó fi í sílẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ eré ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, ẹ gbé Láńgbòdó fún àwọn ọmọ yín ní sáà tó ń bọ̀, kí ẹ sì sọ ẹni tó kọ́kọ́ darí rẹ̀ ní FESTAC fún wọn, àti ìlú tí wọ́n ti bí i.